Wákàtí Mélòó Ló Tó fún Ahoro Róòmù?

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpèjọ ọdọọdún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kí ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò tó fẹnu ọ̀rọ̀ jóná)

  

Ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò ló ní kí n wá sọ̀rọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ń ṣe ti gbé mi dé Ítálì lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: tí ẹgbẹ́ wa bá dé ọ̀hún, wákàtí mélòó ló yẹ kí á fún ahoro ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́? Ẹlòmíràn lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló wà nínú ìyẹn tó ń fẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ dákun, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Owó tí a ti ń dá láti ọdún méjì wá ni a fẹ́ ná. Àwọn olùkọ́ wa mẹ́ta tó ti fẹ̀yìn tì ni a sì fẹ́ mú dání. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ wa ní ìtàn Róòmù. Ó ya òkè Vesuvius sójú pátákó ìkọ̀wé fún wa, bẹ́ẹ̀ òun alára kò fojú kàn án rí. Bí a bá ṣètò àkókò wa dáadáa, wọn yóò rí ohun tí wọ́n fi kọ́ wa. Bí a bá ṣe é ní ìkánjú, orí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì ni wọn yóò jókòó sí, tí àwa yóò wọlé lọ ya fọ́tò. Ohun tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyẹn.

Ẹ wo ìwé ètò tí wọ́n pín fún wa. Ilé-iṣẹ́ tó kọ ọ́, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní ní ọjọ́ kẹta, kí á kúrò ní Róòmù ní ìdájí, kí á lọ wo Pompeii, kí á gun òkè Vesuvius, kí á wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Naples, kí á sì padà sùn sí Róòmù lálẹ́ ọjọ́ náà. Lórí ìwé, ó dùn ún kà. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

Réluwè tó yára jù láti Róòmù dé Naples ń lo bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní Naples, ẹ ó wọ réluwè kékeré tí wọ́n ń pè ní Circumvesuviana. Ìyẹn ń lo bíi ìṣẹ́jú 35 sí 40 kó tó dé ibùdókọ̀ Pompei Scavi. Ẹ fi ìrìn láti hòtẹ́ẹ̀lì kún un, ẹ fi dídúró de ọkọ̀ kún un, wákàtí méjì ààbọ̀ ti lọ. Àbọ̀ náà á gba méjì ààbọ̀. Márùn-ún nìyẹn. Ti Vesuvius ńkọ́? Bọ́ọ̀sì kì í gbé ènìyàn dé orí òkè tán. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun ìyókù dé etí kòtò iná náà, gíga òkè ọ̀hún sì jẹ́ mítà 1,281. Àtilọ àtibọ̀ lè gbà tó wákàtí mẹ́rin. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní tirẹ̀, wákàtí méjì ni ó kéré jù kí ènìyàn tó lè sọ pé òun wo nǹkan. Ká ní a wá fún Pompeii fúnra rẹ̀ ní mẹ́rin péré. Ẹ rò ó pọ̀: 5, 4, 2 àti 4. Wákàtí 15! A kò tíì jẹun, a kò tíì tọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ pé orúnkún ń ro òun.

Géètì Pompeii kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹwàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, aago méje ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í, ṣùgbọ́n ìwọlé ti parí láti aago márùn-ún ààbọ̀. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, aago márùn-ún ni wọ́n ń tì í, ẹni tí kò bá sì tíì wọlé nígbà tí aago mẹ́ta ààbọ̀ bá lù, ó di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ètò tí wọ́n kọ fún wa yìí, ẹni tó kọ ọ́ kò fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń fi orúkọ ibi ka ọjọ́. Wọ́n rí “Pompeii” lórí ìwé, wọ́n rò pé ilé kan ni, bí ẹni ń lọ wo ààfin. Kì í ṣe ilé. Ìlú ni, odindi ìlú, pẹ̀lú títì, ilé ìwẹ̀, ọjà, ilé oúnjẹ, ilé aṣẹ́wó àti pápá ìran. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 66, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù 90. Láti 1748 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú u jáde, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni wọ́n tíì hú. Ìdá kan ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá ní òun yóò fi wákàtí méjì wo ìlú, ẹ bi í léèrè bóyá wákàtí méjì tó o láti wo àdúgbò tirẹ̀.

Ẹ gbà mí láàyè kí n rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 79, òkè Vesuvius bú gbàù. Eérú àti òkúta kéékèèké rọ̀ bí òjò, afẹ́fẹ́ gbígbóná tẹ̀lé e, ìlú sì bò mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Pliny, ọmọ ọdún 17, wà ní òdìkejì omi tó ń wò ó. Nígbà tó dàgbà, ó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí Tacitus òpìtàn. Ẹ̀yin tí ẹ rántí kíláàsì ìtàn, 24 oṣù kẹjọ ni a kọ sínú ìwé wa, àbí? Olùkọ́ wa, ẹ má bínú o. Ní 2018, wọ́n rí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi èédú kọ sára ògiri ilé kan níbẹ̀, déètì tó sì wà lára rẹ̀ bọ́ sí àárín oṣù kẹwàá. Èédú kì í pẹ́ parẹ́ lára ògiri. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà báyìí pé oṣù kẹwàá ni ìparun náà ṣẹlẹ̀. Ẹ rí i pé ìlà kan ṣoṣo lára ògiri ló tún ìwé gbogbo ayé ṣe. Ẹni tó ń sáré kọjá kò lè rí irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wákàtí lè rà fún yín ní Pompeii.

Ẹni tó bá ní wákàtí méjì: yóò gba géètì Porta Marina wọlé, yóò dé gbàgede ńlá tí wọ́n ń pè ní Fórọ́ọ̀mù, yóò yọjú sí ilé ìwẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò wo Ilé Faun tí ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 3,000 mítà onígun mẹ́rin, yóò sì padà. Ó ti rí iwájú ilé. Kò tíì wọ yàrá.

Ẹni tó bá ní wákàtí mẹ́rin: yóò fi Via dell'Abbondanza kún un, títì ọjà tó la ìlú já. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí òkúta gíga tí wọ́n tò sí àárín títì kí ẹlẹ́sẹ̀ lè fò kọjá láìtẹ omi ẹlẹ́gbin, àti ipa táyà ẹrù tó wa kòtò sínú òkúta. Ẹ ó rí bùkà, tí ihò ìkòkò ọbẹ̀ ṣì wà lójú káńtà rẹ̀. Ẹ ó rí ilé búrẹ́dì pẹ̀lú ọlọ àti ààrò. Nínú ààrò ọ̀kan nínú wọn, búrẹ́dì 81 ni wọ́n bá, gbogbo rẹ̀ ti di èédú. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri pé kí ará ìlú dìbò fún lágbájá. Nígbà tí mo rí ìyẹn, mo ní àwọn olóṣèlú ti wà tipẹ́! Ẹ ó lè wo ilé ìṣeré méjèèjì àti Ilé àwọn Vettii tí wọ́n tún ṣí ní oṣù kìíní 2023 lẹ́yìn tó ti wà ní títì fún nǹkan bí ogún ọdún.

Ẹni tó bá ní wákàtí mẹ́fà sí méje, pẹ̀lú ìsinmi nínú rẹ̀: yóò dé pápá ìran tó wà ní ìkángun ìlú. Wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí 70 ọdún kí á tó bí Jésù, ó gba nǹkan bí 20,000 ènìyàn, kò sì sí olókùúta irú rẹ̀ tí a mọ̀ tó dàgbà jù ú. Ní ọdún 59, àwọn ará Pompeii àti àwọn àlejò láti Nuceria jà níbẹ̀ títí ẹ̀mí fi ṣòfò, ìjọba Róòmù sì fòfin de ìran ibẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ rántí ìjà bọ́ọ̀lù tiwa pẹ̀lú ilé-ìwé kejì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Yóò tún dé Ọgbà àwọn Ìsáǹsá, níbi tí ẹni 13 dùbúlẹ̀ sí, àgbà àti èwe. Kì í ṣe ère o. Ní 1863, Giuseppe Fiorelli rí i pé ibi tí òkú ti jẹrà nínú eérú ti di ihò, ó da irú P.O.P. tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò sínú ihò náà, nígbà tó sì gbẹ tí wọ́n wú u, ènìyàn ló jáde, pẹ̀lú bó ṣe fọwọ́ bo ojú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì lágbára á tún jáde sẹ́yìn odi lọ wo Villa dei Misteri àti àwòrán pupa ara ògiri rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ńkọ́? Ìyẹn jẹ́ ti ẹni tó fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Ó wù mí, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún ẹgbẹ́ wa.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ilé ni wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́. Wọ́n ń ṣí èyí, wọ́n ń ti tọ̀hún fún àtúnṣe. Nítorí náà, kí olúkúlùkù mú ohun márùn-ún tó wù ú jù, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí méjì bá wà ní títì, mẹ́ta ṣì kù.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí mo rí níbẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé n kò kàn ń ṣe ìṣirò lásán. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sórí òkúta ní Fórọ́ọ̀mù, ó ti bọ́ bàtà kan. Ẹgbẹ́ tó bá wá, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún wọn, amọ̀nà wọn sì ti gbé àsíá rẹ̀ sókè lọ síwájú. Ìyá bi mí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé àwọn tí eérú bò, ibi tí wọ́n wà jìnnà, torí pé nítorí wọn ni òun ṣe wá. Mo ní, “Mama, wọn kò jìnnà.” Díẹ̀ nínú wọn wà nínú abà ọkà àtijọ́ tó wà létí Fórọ́ọ̀mù gan-an, lẹ́yìn irin. Ibi tí ìyá jókòó sí kò ju bí ẹní ti orí pèpéle yìí dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ. Bó ṣe ń wọ bàtà rẹ̀ kí á lè jọ lọ ni amọ̀nà fọn fèrè pé bọ́ọ̀sì ti dé. Ìyá wojú mi, ó sì lọ bá bọ́ọ̀sì. Ó dé Pompeii, kò rí ohun tó bá wá.

Ẹ má jẹ́ kí ó ṣe olùkọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn àgbà wa, ọ̀nà wà. Ilẹ̀ Pompeii jẹ́ òkúta ńláńlá tí kò tẹ́jú, géètì Porta Marina sì ga ní gígùn. Ṣùgbọ́n láti 2016, wọ́n ti ṣe ọ̀nà kan tó tẹ́jú fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ àti àwọn tí ìrìn nira fún, wọ́n ń pè é ní Pompei per tutti, ìyẹn Pompeii fún gbogbo ènìyàn. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ẹ̀gbẹ́ pápá ìran, ní Piazza Anfiteatro, ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dé Fórọ́ọ̀mù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí takisí gbé àwọn olùkọ́ wa lọ sí géètì yẹn ní aago mẹ́sàn-án, kí gbogbo wa sì bá wọn gba ibẹ̀ wọlé. Èrò kì í pọ̀ níbẹ̀ tó ti Porta Marina. Kí ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ jù ni ó máa ṣáájú. Ẹni tó bá yára lè lọ yẹ ẹ̀gbẹ́ wò kó sì padà wá bá wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Herculaneum kún un, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ercolano lónìí. Òkè kan náà ló pa á run, ṣùgbọ́n eérú gbígbóná tó bò ó jinlẹ̀ tó nǹkan bí 20 mítà, ó sì le bí òkúta. Nítorí bẹ́ẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣì dúró níbẹ̀, igi àjà tó ti di èédú ṣì wà, ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì wà. Ní etí òkun àtijọ́ rẹ̀, nínú àwọn ilé ọkọ̀ ojú omi, nǹkan bí egungun ènìyàn 300 ni wọ́n rí, àwọn tó sá dé etí omi tí wọn kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ibi tí ènìyàn ń wò kò ju bíi hẹ́kítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta tó o, réluwè ibẹ̀ láti Naples kò sì ju bíi ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ààbọ̀ ọjọ́ péré ni òun ní, Herculaneum ni n ó ní kí ó lọ, kì í ṣe Pompeii. Ó sàn kí ènìyàn wo ibi kékeré tán ju kí ó wo ibi ńlá ní ojú fírí. Ṣùgbọ́n kí a má so méjèèjì pọ̀ ní ọjọ́ kan o.

Ní Róòmù fúnra rẹ̀, Kólósíọ̀mù ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Vespasian ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ Titus sì ṣí i ní ọdún 80. Wákàtí kan ààbọ̀ tó o. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló kan Fórọ́ọ̀mù Róòmù àti òkè Palatine, ìyẹn gba wákàtí mẹ́ta. Aago tí ẹ bá yàn fún Kólósíọ̀mù kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ jù ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24. Ẹ lè wọ Kólósíọ̀mù ní aago mẹ́ta ọ̀sán, kí ẹ sùn, kí ẹ wá wo Fórọ́ọ̀mù láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí òòrùn tó mú. Kí akọ̀wé wa tún un yẹ̀ wò kí ó tó sanwó.

Tí ẹ bá dé Fórọ́ọ̀mù, ẹ má ṣe kọjá ẹnubodè ńlá Septimius Severus láìdúró. Ọmọ Áfíríkà ni. Leptis Magna, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíà lónìí, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 145, ó sì di ọba Róòmù ní 193. Ọdún 203 ni wọ́n kọ́ ẹnubodè náà. Orúkọ òun àti ti ọmọ rẹ̀ méjèèjì, Caracalla àti Geta, ni wọ́n kọ sí i. Lẹ́yìn ikú bàbá, Caracalla pa àbúrò rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ orúkọ Geta kúrò níbi gbogbo. Ẹ tẹjú mọ́ ìlà kẹrin lára òkúta yẹn, ẹ ó rí ojú ihò lẹ́tà àtijọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ìyẹn gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà nínú ètò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ibi ìkẹyìn ni Ostia Antica, èbúté Róòmù àtijọ́. Réluwè láti Porta San Paolo ń gbé ènìyàn débẹ̀ ní bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ìgboro lásán ni wọ́n sì ń lò. Ibòji igi pọ̀ níbẹ̀, èrò kéré. Ẹ ó rí gbàgede àwọn oníṣòwò ojú omi, tí wọ́n fi òkúta wínníwínní ya àmì ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀; ti àwọn ará Sabratha ní Líbíà, erin ló wà lójú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, Ostia yìí ni Mónííkà, ìyá Augustine, kú sí ní ọdún 387, nígbà tí wọ́n ń retí ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn padà sí Áfíríkà. Wákàtí mẹ́ta tó o.

Ẹ má gbàgbé àwọn ohun tó ń jẹ àkókò. Ostia kì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Naples kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé Pompeii àti Kólósíọ̀mù, nítorí náà èrò máa ń pọ̀ bí omi. Ẹ sá fún un. Láti oṣù kọkànlá 2024, Pompeii kì í gbà ju 20,000 ènìyàn lọ lóòjọ́, orúkọ ẹni sì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú páàsípọ́ọ̀tù dání. Báàgì ńlá kò ní wọlé. Ẹ mú ike omi, ẹ̀rọ omi mímu wà lójú títì tí ẹ lè fi kún un. Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ̀yin mọ oòrùn láti ilé. Òkúta yẹn máa ń dá ooru padà sí ènìyàn lójú, ibòji kò sì sí, pàápàá ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún tàbí ìkẹwàá ló dára fún àgbà.

Ẹ̀gbọ́n kan sọ fún mi níta lẹ́ẹ̀kan pé, “Òkúta àti ògiri wíwó, kí ni a fẹ́ fi odindi ọjọ́ wò nínú rẹ̀?” N kò bá wọn jà. Ẹni tí kò bá wù, ọjà wà ní Naples, kí ó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ yẹn láìsí ìtìjú. Ẹlòmíràn sọ pé owó wa ti pọ̀ jù, kí á rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni pé owó pọ̀. Owó físà Schengen nìkan ti di 90 Yúrò láti oṣù kẹfà 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn kò bá fún ni. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ṣì ń lo páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ gbà á o. Nítorí pé owó náà pọ̀ gan-an ni mo ṣe ní kí á má fi ra eré sísá. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ètò tí mo fi síwájú yín nìyí, fún ọjọ́ méje. Ọjọ́ kìíní, kí á dé, kí á sùn. Ọjọ́ kejì, Kólósíọ̀mù lọ́sàn-án. Ọjọ́ kẹta, Fórọ́ọ̀mù láàárọ̀, ìsinmi lọ́sàn-án. Ọjọ́ kẹrin, kí á kó ẹrù lọ sí Naples, kí á wo ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lọ́sàn-án, kí á sì sùn síbẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, Pompeii nìkan, láti aago mẹ́sàn-án dé aago mẹ́ta, pẹ̀lú wákàtí kan fún oúnjẹ àti ìjókòó. Ọjọ́ kẹfà, Herculaneum fún ẹni tó bá fẹ́, oorun fún ẹni tó bá rẹ̀, kí á padà sí Róòmù nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ keje, Ostia láàárọ̀, torí pé kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfurufú Fiumicino, bí ọkọ̀ wa bá jẹ́ ti alẹ́.

Ẹ rí i pé mo ti yọ gígun Vesuvius kúrò. Ẹni tó bá dúró ní Fórọ́ọ̀mù Pompeii, tó kọjú sí tẹ́ńpìlì Júpítà, yóò rí òkè náà lẹ́yìn rẹ̀ gbangba, láìgun ún. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí á gbé àga sí fún olùkọ́ wa, kí á fún wọn ní ìdajì wákàtí, kí wọ́n sì tún kọ́ wa ní iṣẹ́ ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n kọ ìdajì wákàtí náà sínú ètò, ní déètì àti ní aago, nítorí pé ohun tí a kò bá kọ, amọ̀nà kì í dúró dè é.

Alága, àbá mi nìyẹn. Kí ẹni tó bá fọwọ́ sí i nawọ́ sókè nígbà tí wọ́n bá pè é, kí ẹni tó ní èyí tó sàn jù mú un wá pẹ̀lú ìṣirò rẹ̀. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire, ẹsẹ̀ àwọn àgbà wa kò ní kọ̀ wọ́n.